The Double ti Dostoevsky: ta la fẹ́ gbà gbọ́ nínú ìwé yìí?

Tẹ́ ẹ bá ń wá nọ́fẹ́ẹ̀lì tó máa da ọkàn yín rú, irú èyí tẹ́ ẹ máa kà dé àárín tẹ́ ẹ ó tún ṣí i padà sẹ́yìn lọ wò ó bóyá ohun tẹ́ ẹ rò pé ẹ kà lẹ kà lóòótọ́, ẹ lọ wá The Double (ìyẹn ẹni tó jọ èèyàn délẹ̀délẹ̀) ti Fyodor Dostoevsky, òǹkọ̀wé ará Rọ́ṣíà. Mo mọ̀ pé téèyàn bá ti dárúkọ Dostoevsky báyìí, ìwé ńlá tó nípọn ló máa ń wá sáwọn èèyàn lọ́kàn, ṣùgbọ́n eléyìí ò gùn tó bẹ́ẹ̀, orí 13 péré ni, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀ ò sì ju bí ọjọ́ mẹ́rin lọ. Ọdún 1846 ló jáde, ọmọ ọdún 24 ni Dostoevsky nígbà yẹn, ìwé ẹ̀ àkọ́kọ́, Poor Folk, ò tíì pé oṣù kan tó jáde tí eléyìí fi tẹ̀ lé e, wọ́n ṣì ń yìn ín lọ́tùn-ún lósì, ó wá gbé nǹkan tó yàtọ̀ pátápátá síta, inú àwọn kan ò sì dùn sí i rárá. Màá dé ibẹ̀.

Akọ̀wé ìjọba ni Yakov Petrovich Golyadkin, ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà ayé ọba. Ipò kẹsàn-án ló wà nínú ipò 14 tí Peter the Great, ọba Rọ́ṣíà, là kalẹ̀ fáwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́dún 1722, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, torí níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn, ipò ẹ lorúkọ ẹ, bí wọ́n ṣe máa kí ẹ, ilé tó o lè wọ̀, ọmọ ẹni tó o lè fẹ́, orí ipò ni gbogbo ẹ̀ dúró lé. Ọkùnrin yìí jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò kọ́kọ́ mọ̀ bóyá òun ti jí àbí òun ṣì ń lálàá, ó dìde lọ bá dígí, ó wo ojú ara ẹ̀ dáadáa, inú ẹ̀ dùn pé kò sí eéwo kankan tó yọ síbẹ̀ mọ́jú. Ó kó owó ẹ̀ jáde, ó kà á, 750 rúbù. Ó wá háyà kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin olówó ńlá, ó wọ aṣọ ìránṣẹ́ ilé ọlọ́lá fún Petrushka ọmọ ọ̀dọ̀ ẹ̀, aṣọ tó tóbi jù ú lọ, ló bá gbéra ó di ìgboro.

Ojú ọ̀nà yẹn ni ìwé yìí ti gbá mi mú. Kẹ̀kẹ́ ọ̀gá ẹ̀ ní ọ́fíìsì, Andrei Filippovich, wá sún mọ́ tiẹ̀, ojú wọn ṣe mẹ́rin, ọ̀gá ń wò ó tìyanu-tìyanu pé kí ni akọ̀wé kékeré yìí ń ṣe nínú irú kẹ̀kẹ́ báyìí. Golyadkin ò wá mọ èyí tí ì bá ṣe, ó ń rò ó lọ́kàn pé ṣé kóun kí i ni, ṣé kóun jẹ́wọ́ pé òun ni, àbí kóun ṣe bí ẹni pé òun kọ́, pé ẹlòmíì tó kàn fojú jọ òun gan-an ni. Ó ṣí fìlà, ó ń kí ọ̀gá, lọ́kàn ẹ̀ ó ń sọ ọ́ léraléra pé òun kọ́ o, òun kọ́ rárá. Orí kìíní la ṣì wà o! Ẹnikẹ́ni tó jọ ọ́ ò tíì yọjú, kò sí iwin kankan, kò sí àràmàǹdà kankan, àmọ́ ọkùnrin náà ti fẹnu ara ẹ̀ pe ẹni yẹn wá. Tẹ́ ẹ bá padà ka ibẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ka ìwé náà tán, ara yín máa bù máṣọ.

Ó yà lọ sọ́dọ̀ dókítà, Krestyan Ivanovich Rutenspitz. Ọ̀rọ̀ tó bá dókítà sọ níbẹ̀ wà lára ohun tó dáa jù nínú ìwé yìí lójú tèmi, torí kò sí nǹkan kan tó ń sọ gan-an, ó ṣáà ń yí po, pé òun kì í ṣe ẹni tó ń di rìkíṣí, pé òun kì í fi ẹ̀yìn sọ̀rọ̀ ẹni, pé ìgbà tóun bá lọ sí ijó aláṣọ-ìbojú nìkan lòun máa ń bo ojú, pé òun ní ọ̀tá. Ta ló bi í? Dókítà ní kó máa jáde sáàárín èèyàn, kó má máa dá nìkan wà, ni ọkùnrin bá bú sẹ́kún. Nígbà tó jáde tán ó ní dókítà yẹn gọ̀. Láti ibẹ̀ ó gba ọjà lọ, ó ń ná ohun èlò tíì, ó ń ná àga àti tábìlì tó máa kún yàrá mẹ́fà, ó ń ṣèlérí fún gbogbo ọlọ́jà pé òun ń bọ̀ wá sanwó, ó tún lọ ṣẹ́ owó ńlá ọwọ́ ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ó pàdánù nínú ẹ̀, kí pọ́ọ̀sì ẹ̀ ṣáà lè wú. Nígbà tí gbogbo ariwo yẹn tán, ìbọ̀wọ́ àti lọ́fínńdà péré ló rà. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé orí ọkùnrin yìí ti ń yí, pọ́ọ̀sì yẹn ti sọ ọ́ tán. Mo fẹ́ràn òǹkọ̀wé tó bá lè fi nǹkan kékeré báyẹn ṣiṣẹ́ ńlá.

Nǹkan tó gba ọkàn Golyadkin kì í ṣe obìnrin, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ó ní òun nífẹ̀ẹ́ Klara Olsufyevna, ọmọ ọ̀gá àgbà kan. Ohun tó gbà á lọ́kàn ni ojú táwọn èèyàn fi ń wò ó. Tọ̀sán-tòru, ta ló wò mí, kí ló rò, kí ló sọ lẹ́yìn mi, ṣé ẹ̀rín yẹn, èmi ni wọ́n ń rín? Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kọ́ ló sọ pé òun dá dúró láyè ara òun, pé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni ò kan òun, bó bá sì ṣe ń sọ ọ́ tó lẹ̀ ń rí i tó pé kò ní ara ẹ̀ kankan tó dá dúró, ojú àwọn ẹlòmíì ló ń gbé.

Wọ́n ń ṣe ọjọ́ ìbí Klara, wọ́n lé e lẹ́nu ọ̀nà. Ṣé ó lọ sílé? Rárá o. Ó gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, ó lọ dúró sínú òkùnkùn láàárín àwọn àlòkù ẹrù àti pàǹtí, nínú òtútù, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ó ń bá ara ẹ̀ jiyàn pé ṣé kóun wọlé àbí kóun má wọlé. Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí ẹni tó ń sọ ìtàn, torí òun gan-an ni mo ṣe jókòó kọ gbogbo èyí. Golyadkin kọ́ ló ń sọ ìtàn ara ẹ̀ o, ẹlòmíì ló ń sọ ọ́, tó ń pè é ní akọni wa. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú ìwé, a sábà máa ń fọkàn tán an ni, a gbà pé ó dúró sókè, pé ó rí ohun gbogbo, pé tí akọni ìtàn bá ń ṣìnà, olùsọ̀tàn á là wá lóye. Nínú ìwé yìí, olùsọ̀tàn ń yin àríyá ilé Klara bí ẹni pé ààfin ni, ó ní òun ì bá ní ẹ̀bùn akéwì ńlá bíi Homer tàbí Pushkin kóun lè ròyìn ẹ̀ bó ṣe yẹ, àbí ohùn ta lẹ rò pé èyí jẹ́? Ohùn Golyadkin ni! Èrò ẹ̀ ni, ẹ̀rù àwọn ẹni ńlá tó ń bà á ni, ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ yí po ni. Tí Golyadkin bá ń kálòlò, olùsọ̀tàn náà á máa kálòlò. Tí Golyadkin bá sọ pé kò sí nǹkan kan, gbogbo ẹ̀ á dáa, olùsọ̀tàn á gbè é lẹ́sẹ̀. Àìsàn ọkùnrin yẹn ti ran ẹni tó yẹ kó máa ròyìn ẹ̀ fún wa. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa mọ̀, kò sí ibì kankan mọ́ nínú ìwé náà tẹ́ ẹ lè dúró lé kẹ́ ẹ sọ pé ó dáa, ó kéré tán eléyìí ṣẹlẹ̀.

Ó wọlé, ó fẹ́ bá Klara jó, wọ́n gbá a síta. Orí karùn-ún ló wá kàn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ìkánjú ka orí karùn-ún. Oṣù kọkànlá ni, òru ti jìn, yìnyín àti òjò ń já lu ara wọn, omi odò Fontanka ń ru, ọkùnrin yìí ń sáré lọ lójú títì bí ẹni tó fẹ́ sá fún ara ẹ̀, ó dúró nítòsí afárá Izmailovsky, ó fara ti irin etí odò. Ó kàn ṣe é bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun báyìí tó tiẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀. Ó wò yíká, kò sẹ́nì kankan. Ó ń lọ, ẹnì kan ń bọ̀ níwájú, ẹni náà kọjá. Kò pẹ́, ẹni yẹn kan náà tún ń bọ̀ níwájú. Lẹ́yìn náà, ẹni náà ṣíwájú ẹ̀, ọ̀nà ilé ẹ̀ gan-an ló ń tọ̀, ó wọ ilé ẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn ẹ̀, nígbà tí Golyadkin fi máa wọ yàrá, ẹni náà ti jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ó ṣì wọ kóòtù, ó ṣì dé fìlà, ó ń mi orí sí i bí ọ̀rẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ni, Golyadkin mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì ó dé ọ́fíìsì, wọ́n ti gba ọkùnrin yẹn síṣẹ́, orúkọ kan náà, ojú kan náà, ìjókòó ẹ̀ dojú kọ tiẹ̀. Kò sì sẹ́ni tó ya lẹ́nu! Òun ló dẹ́rù bà mí jù. Ó lọ bá Anton Antonovich, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí àwọn akọ̀wé ibẹ̀, ó ń wádìí lọ́gbọ́n-lọ́gbọ́n pé ṣé ẹ̀yin náà rí nǹkan kan? Bàbá yẹn ní ó dà bíi pé wọ́n jọra bíi ẹbí, nígbà tó sì tún wò ó dáadáa ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ìjọra yẹn pọ̀ lóòótọ́, pé ó yani lẹ́nu, ó tún fọkàn ẹ̀ balẹ̀ pé irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀. Ó rí i nìyẹn àbí kò rí i? Tí gbogbo ọ́fíìsì bá ń rí ọkùnrin kejì yìí, á jẹ́ pé ó wà lóòótọ́. Tó bá wà lóòótọ́, kí ló dé tí wọn ò pariwo? Tí ò bá sì sí, ta ló ń bá wọn ṣiṣẹ́, ta ni bàbá yẹn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀? Dostoevsky ò dáhùn. Petrushka nìkan ló là á mọ́lẹ̀ níbì kan, tó ní àwọn èèyàn dáadáa kì í gbé ayé irọ́, wọn kì í sì í wá ní méjì-méjì, ó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ láti lọ sílé ẹlòmíì. Ọ̀mùtí ni Petrushka o, ẹ̀rí ọ̀mùtí la rí gbé dání.

Ọkùnrin kejì yìí, tí ìwé pè ní Golyadkin Kékeré, kọ́kọ́ wá bí ẹni tí ìyà jẹ, ó tẹ̀ lé Golyadkin Àgbà dé ilé, wọ́n jẹun, wọ́n mutí, ó sunkún, ó sùn síbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, ó yí padà bìrí. Ìwé iṣẹ́ kan wà tí ọ̀gá ńlá ń retí, Golyadkin Àgbà ti múra ẹ̀ sílẹ̀, Kékeré ní yíǹkì ti kán sí i, pé kó jẹ́ kóun fi ọ̀bẹ kékeré bá a ha á kúrò, bó ṣe gbà á báyìí ó di iwájú ọ̀gá, ó gbé e kalẹ̀ bí iṣẹ́ ọwọ́ ara ẹ̀. Gbogbo ohun tí Àgbà fẹ́ dà láyé ni Kékeré dà: ó gbóná, ó mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín, gbogbo ilé tí wọ́n ti ń lé Àgbà lòun ń wọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti páì yìí. Golyadkin yà sílé oúnjẹ kan, ó jẹ páì kan ṣoṣo, ó fẹ́ san kópéèkì mẹ́wàá (ọgọ́rùn-ún kópéèkì ló ń jẹ́ rúbù kan). Ẹni tó ń tà á ní rárá o sà, rúbù kan àti kópéèkì mẹ́wàá ni, mọ́kànlá lẹ jẹ. Ó ń jiyàn, ọ̀rọ̀ ti fẹ́ dariwo, ó gbójú sókè, ó rí i lẹ́nu ọ̀nà tó wà lódìkejì, ẹnu ọ̀nà tó ti ń wò láti ẹ̀ẹ̀kan tó rò pé dígí ni, Golyadkin Kékeré dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí i, ó ń jẹ èyí tó kù lẹ́nu ẹ̀. Ó san owó náà. Ẹ ka gbólóhùn dígí yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Tó bá jẹ́ pé dígí ni lóòótọ́ ńkọ́? Á jẹ́ pé òun ló jẹ páì mọ́kànlá nìyẹn, tí kò sì mọ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹnu ọ̀nà ni, olè ló jà á. Ìdájọ́ méjèèjì dúró, ọ̀rọ̀ oúnjẹ lásán ni ojú ìwé yẹn sì ń sọ. Gbogbo ìwé náà wà nínú ìran kékeré yẹn.

Lẹ́tà kan wá dé, wọ́n ní Klara ló kọ ọ́, pé kó wá gbé òun sá lọ lóru, kó dúró de òun nínú ọgbà. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ nínú lẹ́tà yẹn, torí bó ṣe rí létí, ọ̀rọ̀ Golyadkin ló kún inú ẹ̀, ìráhùn ẹ̀, ọ̀tá ẹ̀. Nígbà tó sì tún wá lẹ́tà náà lápò, kò rí i. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ó fara pamọ́ sẹ́yìn igi ìdáná tí wọ́n tò jọ nínú ọgbà ilé yẹn, ó rò pé kò sẹ́ni tó rí òun, nígbà tó fi máa gbójú sókè gbogbo fèrèsé ti kún fún orí èèyàn, òun ni gbogbo wọn ń wò. Ohun tó ń bẹ̀rù láti ojú ìwé kìíní ló ṣẹ sí i lára yẹn.

Ó ní àléébù, mi ò ní bò ó. Àárín ẹ̀ fà. Golyadkin lè fi odindi ojú ìwé sọ pé òun máa lọ, òun ò ní lọ, kí ló dé tóun ò ní lọ, òun á lọ, téèyàn ò bá ní sùúrù á fẹ́ ju ìwé náà nù. Orúkọ àwọn ará Rọ́ṣíà tún máa ń lọ́ mọ́ra wọn, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀ síbì kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Klara náà ò rí ọ̀rọ̀ gidi kan sọ, ohun tí à ń gbọ́ nípa ẹ̀ ò kọjá ohun tí Golyadkin rò, ó wù mí kí n gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Belinsky, alárìíwísí tó ti gbé Dostoevsky ga nítorí Poor Folk, sọ pé ó gùn jù, lọ́dún 1847 ó tún sọ pé irú àràmàǹdà báyìí, ilé àwọn wèrè ló yẹ, iṣẹ́ dókítà ni, kì í ṣe ti akéwì. Mo gbà fún Belinsky lórí gígùn, àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ kejì yẹn mi ò gbà, torí ohun tí dókítà máa rí ni pé ọkùnrin yìí ń ṣàìsàn, ìwé yìí sì jẹ́ kí n wà nínú àìsàn náà, kí n máa bá a ronú, kí n tiẹ̀ máa dá a láre nígbà mìíì, kò sí àkọsílẹ̀ dókítà tó lè ṣe ìyẹn fún mi.

Dostoevsky fúnra ẹ̀ ò gbàgbé ìwé yìí. Wọ́n mú un lọ́dún 1849, ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rin ní Siberia, ó dé, ó tún ìwé náà tò, ó gé e kúrú, èyí tó jáde lọ́dún 1866 ni ọ̀pọ̀ wa ń kà lónìí. Lọ́dún 1877 ó kọ ọ́ pé òun ò rí i ṣe bó ṣe yẹ, àmọ́ òun ò tíì mú èrò kankan tó wúwo ju ti inú ẹ̀ lọ wọ inú ìwé kíkọ. Lẹ́yìn tó ti kọ Crime and Punishment ló sọ bẹ́ẹ̀ o!

Lórí ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì: ti Constance Garnett ti pẹ́, ó ń já geere, ó sì rọrùn láti rí lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá kàn fẹ́ mọ ìtàn náà lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Èmi fara mọ́ ti Pevear àti Volokhonsky tó jáde lọ́dún 2005, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ The Gambler, torí wọn ò tún ọ̀rọ̀ Golyadkin ṣe, ibi tó ti ń kálòlò wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ibi tó ti ń tún nǹkan kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta wọn ò sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀kan, ìyẹn sì ṣe pàtàkì gan-an nínú ìwé tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni àìsàn náà ti ń yọjú. Fíìmù kan wà tó jáde lọ́dún 2013 tí Richard Ayoade darí, Jesse Eisenberg ló ṣe àwọn méjèèjì, ó dáa, ẹ lè wò ó, àmọ́ èrò ìwé náà ni wọ́n mú, ìlú àti àsìkò yàtọ̀, ẹ ka ìwé ṣáájú.

Tó bá jẹ́ pé ìwé tó máa ń tú àdììtú ẹ̀ palẹ̀ lẹ́yìn lẹ fẹ́ràn, eléyìí máa bí yín nínú, ẹ fi í sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè fara da kẹ́ ẹ má mọ ibi tí òótọ́ wà, mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún un, méjì tí mo yọ, àárín tó fà yẹn ló jẹ ẹ́. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ wá sọ fún mi, ta lẹ rò pé ó kọ lẹ́tà yẹn?